Ọwọ́ Ìkọ̀wé Tó Dára Nínú Yàrá Bọ́ílà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ júbà ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run fún àwọn kan ní adé, ó fún àwọn kan ní oyè, ó fún àwọn kan ní mọ́tò tó ń tanná fúnra rẹ̀ bí olówó rẹ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè. Ẹni tí kò rí ọ̀kankan gbà nínú ìwọ̀nyí, tó bá sáà ti lè kọ "o" kó rí roboto bí ẹyin àparò, tó lè fa ìlà láìlo rúlà, kábíyèsí ni lábẹ́ òrùlé tirẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára ti sọ ọ̀lẹ di òṣìṣẹ́ takuntakun. Ó ti wẹ irọ́, ó ti fi ìpara pa á lára, ó ti wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, ó sì ti fún un ní àga iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni yóò rí ojú ìwé tó mọ́ tónítóní, tí kò ní ìdọ̀tí, tí kò ní ibi tí wọ́n pa rẹ́, tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bóyá òótọ́ ló wà nínú rẹ̀?

Tèmi, ọmọ ọmọ mi, ìwọ lo fà á. A jẹun tán báyìí, o sì sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà pé ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń kọ́ ọ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ìwọ a kọ àkọsílẹ̀ wákàtí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí o tó lọ jẹun ọ̀sán. Mo ní, "Títí kan wákàtí tí kò tíì dé?" O ní, "Grandad, it's grand, kò séwu. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é." Ẹ̀gbọ́n rẹ Dámi, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní àwọn náà máa ń fi àmì pé ó ti parí sí iṣẹ́ tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ní láti gbé ife tíì mi sílẹ̀ kí n má baà dà á sórí kápẹ́ẹ̀tì ìyá yín.

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọn tí ẹ tẹ̀lé wa láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Hartstown, ní Dublin níbí, ẹ má wo aago. Reluwé tó ń lọ sí Adamstown kò ní tán lónìí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun kan ni mo fẹ́ sọ, èyí tí àwọn ará Jámánì kàn nígbà ogun àgbáyé kejì, tó sì ti rì kí ìyá mi tó lóyún mi. Mi ò fojú rí i rí. Ṣùgbọ́n mo mọ yàrá bọ́ílà rẹ̀ bí mo ṣe mọ yàrá tí mo ń sùn.

Ẹ̀yin ò mọ bọ́ílà. Àpótí funfun tó wà nínú press, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná yín yẹn, èyí tí Dámi ń fi fóònù pàṣẹ fún láti inú bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń pè é ní bọ́ílà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bọ́ílà tí mo mọ̀ tóbi ju yàrá yìí lọ, iná wà nínú ikùn rẹ̀, omi wà lórí iná, ooru sì wà lórí omi, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde. Kí n tó lọ sí yunifásítì, mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta nínú ọkọ̀ tó ń hú iyanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà Èkó. Ooru ló ń wa gbogbo rẹ̀. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ àkàsọ̀ irin yẹn ní àárọ̀, etí rẹ á kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà á wá jí, wàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan: pọ́ńpù tó ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀ bí arúgbó tó gun òkè, iná tó ń hó, omi tó ń gbá inú páìpù gbì, gbì, gbì bí ẹni tó fẹ́ jáde. Èyí tó kẹ́yìn yẹn la máa ń bẹ̀rù jù. Bí omi bá kóra jọ sínú páìpù ooru, ó lè fọ́ irin bí ẹni fọ́ ìkòkò.

Ọ̀gá wa, Àlàájì Mùrí, kò kàwé. Ohun tó mọ̀ ni pé gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú bọ́ílà, inú rẹ̀ la ti ń rí i bí omi ṣe tó. Bí omi bá lọ sílẹ̀ tí a kò rí i, irin á gbóná já, ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo wa á di ìtàn. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ lọ wò ó, ká sì kọ ọ́ sínú ìwé wákàtí. Àlàájì á ní, "Ojú ni kí ẹ fi wò ó o. Bíróò ò lójú."

Ṣùgbọ́n àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà, a gbọ́n ju Àlàájì lọ. Ọdún Iléyá kan wà tí wọ́n gbé àgbò wá sínú ọkọ̀ láti pa. Àgbò náà já, ó sáré yí ẹ̀rọ ká, ó fò sínú ọ̀sà. Gbogbo wa, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, la tú jáde, àwọn kan ju okùn, àwọn kan bọ́ṣọ. Ó tó wákàtí kan gbáko kí á tó fa ẹran náà gòkè, ó ń wúkọ́, ó ń wò wá bí ẹni pé àwa la ṣẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò wo gíláàsì. Nígbà tí mo wá wo ìwé wákàtí lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré: omi dára, ooru dára, gbogbo rẹ̀ dára. Kò sí àgbò níbẹ̀. A jẹ ẹran náà, a dúpẹ́, a rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí lónìí ni pé a rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sí yunifásítì, mo gboyè, mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ẹnjiníà títí tí ìyàwó mi pàápàá fi ń pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ kí n lọ da ilẹ̀ nù. Nígbà tí mo di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ìyá yín ní kí n máa bọ̀ ní Dublin. Mo kó gbogbo ìwé ẹ̀rí mi sínú nàyílọ́ọ̀nù méjì kí òjò má baà pa wọ́n. Òjò kò pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ tú wọn wò. Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní ilé kan lórí òkè ní Dún Laoghaire, tó kọjú sí èbúté. Báyìí ni Ẹnjiníà ṣe di ẹni tó ń gbé arúgbó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sórí àga, tó ń bọ́ wọn ní kọ́sítáàdì, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kíkọ sílẹ̀ ló pọ̀ jù. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan ni fọ́ọ̀mù kan wà: aago mélòó, báwo ni ara rẹ̀, kí ló mu, ta ló wò ó. Wákàtí wákàtí ni.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí wọ́n ṣe yìn mí. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì, obìnrin gíga kan tí bàtà rẹ̀ kì í dún, gbé fọ́ọ̀mù mi dání níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní, "Ẹ wo èyí! Báyìí ni mo fẹ́ kó rí." Bí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba bá dé, tèmi ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Mo ń wọ reluwé padà sílé bí olóyè.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Bàbá Klaus. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni nígbà náà, ará Jámánì tó ti pẹ́ ní Dublin débi pé bó bá sọ̀rọ̀, ẹ óò rò pé àárín ìlú níbí ni wọ́n bí i sí. Yàrá rẹ̀ ló dára jù, ó kọjú sí omi àti àwọn ọ̀nà òkúta gígùn méjì tó na ọwọ́ sínú òkun. Àwọn ẹbí arúgbó mìíràn ń bẹ̀bẹ̀ fún irú yàrá yẹn. Òun ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì òun padà kí òun kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Mo rò pé ẹni tó pa òwe yẹn, òun ló rí òkun, òkun kò tíì rí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, irin gbígbóná tó wà lára ògiri bá bẹ̀rẹ̀: gbì, gbì, gbì. Èmi àti òun la jọ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Omi ló wà nínú páìpù." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bọ́ílà wo lo ti ṣiṣẹ́ rí?" ó bi mí.

"Ti ọkọ̀ tó ń hú iyanrìn ni, sà. Ní Èkó. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èyí tó ń hú ènìyàn," ó ní. "Ọkọ̀ apanirun."

Látọjọ́ náà, bí mo bá ti ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ọkọ̀ yẹn la máa ń sọ.

Kì í ṣe ọkọ̀ tó lórúkọ o. Létà kan àti nọ́ńbà kan ni wọ́n kọ sí i lára bí ẹni kọ nọ́ńbà sí àpò sìmẹ́ǹtì. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn nínú rẹ̀, wọ́n fún wọn mọ́ra bí iyán inú ewé. Iṣẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kó máa sáré ṣáájú àwọn ọkọ̀ ńlá, kó máa ju àdó olóró sábẹ́ omi, kó sì sá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tó yàwòrán rẹ̀ ní Berlin kò fẹ́ kí tiwọn dà bí ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní tàwọn gbọ́dọ̀ gbé ìbọn tó tóbi jù. Wọ́n mú ìbọn tó yẹ ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ dáadáa, wọ́n gbé méjì sínú ilé irin kan, wọ́n sì gbé ilé irin náà lé e nímú. Lórí ìwé, ó dára púpọ̀. Àwòrán náà mọ́, àwọn ìlà rẹ̀ tọ́. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé inú òkun gan-an, Bàbá Klaus ní ìgbì kọ̀ọ̀kan tó bá dé, imú rẹ̀ á wọlẹ̀ sínú omi gbùù bí ewúrẹ́ tó ń mumi, kò sì ní fẹ́ gbé e sókè mọ́. Àwọn tó wà nídìí ìbọn á wà nínú omi dé àyà, wọn ò ní rí ọ̀tá, wọn ò ní rí ara wọn. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa," Bàbá Klaus ní, "a máa ń ka ìgbà tó gbà kó tó dìde. Ẹyọ kan, èjì, ẹ̀ta. Bó bá dé mẹ́rin, a kì í wo ojú ara wa."

Bọ́ílà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ìgbéraga ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bákan náà. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà yára, nítorí náà wọ́n fún ooru pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe ń fún un pọ̀ nígbà náà. Páìpù inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé. Irú bọ́ílà bẹ́ẹ̀ dà bí àkẹ́bàjẹ́ ọmọ olówó, kò lè jẹ ohunkóhun tó bá ní iyọ̀ nínú. Bí omi òkun bá fi díẹ̀ báyìí jò mọ́ omi tí wọ́n ń fún un mu, páìpù á máa jẹrà láti inú. Ẹ sì rántí pé àárín òkun ni wọ́n wà, iyọ̀ ló yí wọn ká. Ẹ̀rọ tó ń bẹ̀rù iyọ̀ ni wọ́n kàn fún òkun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣe é o, kì í ṣe púrúǹtù.

Nítorí náà, ní wákàtí wákàtí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bu omi bọ́ílà díẹ̀ sínú ife gíláàsì kékeré, kó kán oògùn kan sí i. Bí kò bá sí iyọ̀, omi náà á mọ́. Bí iyọ̀ bá wà, á funfun bí omi ògì. Bàbá Klaus ni iṣẹ́ yẹn já lé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì, ẹnu irin tí wọ́n ti ń bu omi yẹn á ta ooru sí i lọ́wọ́. Ó fi àpá rẹ̀ hàn mí, ọwọ́ rẹ̀ rí bí awọ ọ̀nì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpá ló mú un ṣe ohun tó ṣe. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé iyọ̀ wà, wọ́n ní láti pa bọ́ílà, ọkọ̀ á fà sẹ́yìn, ọ̀gá ẹ̀rọ á lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá ọkọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ á ṣàlàyé fún àwọn tó wà ní ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣàlàyé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí omi ògì nínú ife, tó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀rọ wo ìwé náà, ó ní, "Ojú ìwé yìí kò dára." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Klaus gbọ́ ohun tó sọ.

Láti ìgbà náà, bó bá ti wọṣẹ́, á kọ ìlà mẹ́rin pọ̀: kò sí iyọ̀, kò sí iyọ̀, kò sí iyọ̀, kò sí iyọ̀. Àyè á wá wà fún un láti jókòó ti Wílì. Ọmọ abúlé rẹ̀ ni Wílì, ilé wọn fẹ̀yìn ti ara wọn. Wọ́n ti jọ wà níbi tí òtútù pọ̀ débi pé omi tó bá ta sára ìbọn á di yìnyín kó tó ṣàn. Wọ́n sì tún jọ bá ọkọ̀ náà dé etíkun ilẹ̀ Faransé. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, Wílì fi okùn wáyà ṣe igi kékeré kan, ó fi gílóòbù kéékèèké tó wà lára ẹ̀rọ ṣe iná sí i, ó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà kẹta. Ó dúró níbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó jáde sókun.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ẹ má baà máa káàánú ọkọ̀ náà. Àwọn ìkà ló rán an níṣẹ́. Bí ìjọba tó kàn án bá rí àwọ̀ mi nígbà náà, orúkọ mi kọ́ ni wọn ì bá béèrè. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Klaus lójú. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìyẹn náà, a kò kọ ọ́ sínú ìwé."

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, òkun ń hó. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọ̀gá ọkọ̀? Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì tó tóbi jù wọ́n lọ ti rí wọn. Àwọn wọ̀nyẹn wúwo, wọ́n dúró dáadáa lórí ìgbì, wọ́n ń yìnbọn láti òkèèrè. Ìbọn ńlá tó wà nímú ọkọ̀ apanirun wà nínú omi. Àṣẹ wá láti òkè pé kí wọ́n sáré pẹ̀lú gbogbo agbára bọ́ílà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Klaus kò sí nísàlẹ̀ nígbà náà. Ẹ wá gbọ́ ibi tó wà. Ọ̀gá ẹ̀rọ ti rí i pé epo kán sí ojú ìwé wákàtí, ó ní kó gòkè lọ tún un kọ kó mọ́. Nínú ogun o! Ó wà ní yàrá kótópó kan lókè yàrá bọ́ílà kẹta, ó ń da ìlà kọ.

Ó gbọ́ ìró kan bí aṣọ ńlá tó ya. Páìpù ti bẹ́. Ooru kún yàrá bọ́ílà. Òfin ni pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn irin tó wà lórí àkàsọ̀ pa, kí ooru má baà pa àwọn tó wà ní yàrá kejì. Òun ló sún mọ́ ọn jù. Ẹnìkan pariwo, "Tì í!" Ó tì í. Ó yí irin rẹ̀ títí kò lè yí mọ́.

Nígbà náà ni ìkànlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Sípánà lára irin. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dúró.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Wílì ni?" mo bi í. Mo ti gbé abẹ fífá kúrò lágbọ̀n rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn ilé wa láti kékeré."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

Ó ronú. Ó ní, "Ìlà méjì. Mo kọ ìlà méjì nígbà tó ń kàn." Ó ní òun kò mọ ohun tí òun tún lè fi ọwọ́ òun ṣe. Nígbà tí òun kọ ìlà kejì tán, ó ti dákẹ́.

Ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn. Ìbọn bà á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti lọ sísàlẹ̀, ìbọn ńlá rẹ̀ ló ṣáájú. Ọkọ̀ kékeré kan ti ilẹ̀ yìí, tó ń gbé ọsàn bọ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, ló ń ṣa àwọn tó kù nínú omi. Ó ní bí òun ṣe ń gbọ̀n lórí pẹpẹ ọkọ̀ náà, ẹnìkan ti ọsàn bọ òun lẹ́nu, òun sì ń sunkún sí i. Wọ́n kó wọn sí àgọ́ kan nílẹ̀ yìí títí ogun fi parí. Ó padà sílé, ó dé ẹnu ọ̀nà ìyá Wílì, kò lè kanlẹ̀kùn. Ó yí padà wá síbí, ó fẹ́ ọmọ ibí, wọn ò bímọ, ìyàwó sì ti kú.

Èmi, Ẹnjiníà, mo gbìyànjú láti tù ú nínú. Mo ní ó lè jẹ́ pé iyọ̀ kọ́. Mo ní irú páìpù bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ níbi tí wọ́n ti fi iná jó o mọ́ra, ó sì lè jẹ́ ìbọn tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ló mì í. Mo ṣàlàyé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ṣé o wò ó ni, àbí o kàn ń kọ ọ́?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí ní nǹkan. Òtútù mú un lọ́jọ́ kan, mímí rẹ̀ di hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n máa kàn, kí ẹni tó wà lódì kejì máa kọ̀wé. Bí àkókò mi bá ń sún mọ́, má fi bíróò wò mí. Wọlé. Wò mí. Wákàtí wákàtí." Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Mo fi Ọlọ́run búra fún un, bí a ṣe ń ṣe. Ó ní kí n fi Ọlọ́run sílẹ̀, kí n sáà máa wọlé.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wọlé. Ẹ̀rù rẹ̀ ti di ẹ̀rù tèmi. Nínú reluwé, lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú àdúrà, mo máa ń gbọ́ sípánà yẹn. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, màá tẹ́tí kí n tó ṣílẹ̀kùn. Màá fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, òun á la ojú kan, á ní, "Kí ni gíláàsì sọ, Ẹnjiníà?" Màá ní, "Omi pé, sà." Á pa ojú náà dé.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi àwọn díákónì tuntun joyè. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán Sátidé, pásítọ̀ pè mí lórí fóònù níbi iṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ tó fẹ́ tẹ ìwé ẹ̀rí àwọn díákónì ti bàjẹ́, àárọ̀ ọ̀la sì ni ètò. Ó ní, "Brother, gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé kò sí ọwọ́ ìkọ̀wé bíi tiyín. Ẹ gbà wá o." Mo ti kó ìwé òfìfo tó nípọn àti bíróò aláwọ̀ wúrà wá sínú báàgì mi tẹ́lẹ̀, nítorí mo ti retí pé wọ́n máa bẹ̀ mí. Mo wo Bàbá Klaus. Ó ń sùn. Mímí rẹ̀ kò burú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo gbé fọ́ọ̀mù, mo kọ aago mẹ́ta: ó ń sùn, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo kọ aago mẹ́rin. Mo kọ aago márùn-ún. Mo kọ aago mẹ́fà. Mo lọ sí yàrá àwọn òṣìṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn díákónì pẹ̀lú wúrà. Tèmi ni mo fi ṣe ìkẹyìn, kí ọwọ́ mi lè ti gbóná dáadáa.

Obìnrin tó ń pín tíì ló wá pè mí, aago márùn-ún kò tíì lù. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Wá wò ó, ọ̀rẹ́ mi." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan di irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, ojú rẹ̀ kọ sí ilẹ̀kùn. Ó ti tutù. Ó ti pẹ́ tó ti tutù. Lẹ́nu ọ̀nà, fọ́ọ̀mù mi ní ó ń sùn, ara rẹ̀ balẹ̀, ní aago mẹ́fà.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì dé. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo fọ́ọ̀mù, ó wo ojú mi. Mo rò pé yóò lé mi lọ, mo sì fẹ́ kó lé mi. Ó yọ fọ́ọ̀mù náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. Ó fún mi ní òmíràn tó mọ́. Ó ní, "Tún un kọ. Dé aago mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, o wọlé, o bá a." Mo tún un kọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi mí joyè díákónì.

Tèmi, má sunkún. O ò tíì pa ẹnikẹ́ni, o sì lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń wọlé. Mi ò mọ̀ bóyá ó kan nǹkan ní aago mẹ́ta, tàbí ní aago mẹ́rin, tàbí kò kàn rárá. Mi ò lè sọ ọ́, nítorí mi ò sí níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ ṣáájú. Èmi náà ṣe é.